Àṣírí Orí Tábìlì

Ní Ẹdẹ, nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa ní ọmọlúàbí bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni ní ìṣirò. Ìdí àwo oúnjẹ la ti kọ́ ọ. Àgbà ló ń kọ́kọ́ ṣan ọwọ́, ọmọdé á gbé omi dúró. Bí òkèlè bá ti ń lọ, ọmọdé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ojú rẹ̀ máa ṣeré lára ẹran. Ìsàlẹ̀ àwo ni ẹran yóò wà títí àgbà yóò fi pín in. Ọmọdé kì í dìde fi àgbà sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, òun náà ni yóò sì kó àwo kúrò nílẹ̀. Ẹ má wò ó bíi pé ọmọdé nìkan ni òfin náà dè o. Àgbà tó mọ ohun tó ń ṣe kì í nu àwo gbẹ. Ó ní láti ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn tó ń wojú rẹ̀, torí àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì já lu ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ń jẹun ní láti pè é, ẹni tí wọ́n pè á ní á gba ibi ire, kódà kí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kú.

Òfin inú ilé ni gbogbo ìyẹn. Gbogbo ẹni tó yí àwo ká ló mọ ọbẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, kò sí iye owó lára rẹ̀, kò sì sí àjèjì kan tó ń wò wọ́n láti orí tábìlì kejì. Ìgbà tí oúnjẹ bá kúrò nílé tó dé ibi tí wọ́n ti ń fowó rà á, tí ẹnì kan nínú ẹbí mọ ibẹ̀ tí èkejì kò mọ̀ ọ́n, ìgbà yẹn ni ohun tí a kọ́ nídìí àwo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń wọ ìdánwò.

Ìpínlẹ̀ wa ti fi ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ṣe orúkọ rí. Láyé Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, láàárín 2010 sí 2018, "Ìpínlẹ̀ Ọmọlúàbí" ni wọ́n ń pe Ọ̀ṣun. Nígbà tí ọmọ Ẹdẹ wa, Adémọ́lá Adélékè, gorí àlééfà ní oṣù kọkànlá 2022, ó dá orúkọ ìpínlẹ̀ padà sí ti tẹ́lẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Orúkọ tí ìjọba kan lè kọ sára pátákó kí òmíràn sì pa á rẹ́, kì í ṣe òun la ó fi mọ ẹni tí wọ́n kọ́ nílé.

Ẹjọ́ kan tí a dá nínú ẹbí wa láìpẹ́ ló fà mí wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó ti dolóògbé, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, kò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn rárá, àmọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n fún un láàyè, ó ní òun máa gbé ẹ̀gbọ́n mi, tó ń pè ní màmá, jáde lọ jẹun. Peckham kò jìnnà sí wọn. Ẹni tó bá wá àmàlà dé Peckham tí kò rí i, àfi kó jẹ́ pé kò wá a. Ọmọ wa kò mú wọn lọ síbẹ̀. Ó ní wọ́n ti jẹ àmàlà láti ilé wá, kí wọ́n tọ́ nǹkan mìíràn wò. Ló bá mú wọn lọ sí ilé oúnjẹ àwọn ará Thailand.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé ìlú náà lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni oúnjẹ Thailand ń wá ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí àdúgbò tí ẹ kò ní bá a. Kódà ilé ọtí àwọn òyìnbó gan-an, irú bíi Churchill Arms ní Kensington, oúnjẹ Thailand ni wọ́n ń tà nínú rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Kì í sì í ṣe pé ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 2002 ni ìjọba Thailand ti fi í ṣe iṣẹ́ ìlú pé kí ilé oúnjẹ wọn pọ̀ sí i káàkiri ayé, kí ẹni tí kò lè dé ilẹ̀ wọn fi ẹnu mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá tó ń ro àmàlà ní Peckham ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìjọba tiwa, wọn kò sì rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀.

Orúkọ Thailand kò ṣàjèjì sí ẹ̀gbọ́n mi. Ìrẹsì ni wọ́n ń tà ní Ọjà Tìmì, láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi agolo wọ̀n ọ́n títí tí wọ́n fi ń já a ní àpò àpò. Láyé ìgbà tí ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè wà lóde, orúkọ Thailand ló máa ń wà lára àpò. Ní 2014 nìkan, ìrẹsì tí Nàìjíríà rà lọ́wọ́ àwọn ará Thailand lé ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2015, Báńkì Àpapọ̀ ní òun kò ní fún ẹnikẹ́ni ní dọ́là mọ́ láti fi kó ohun 41 kan wọlé, ìrẹsì sì wà lára wọn. Ọjà náà wá ń gba Kútọnu wọlé ní kọ̀rọ̀, títí ìjọba fi ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, tí kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020. Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú ẹ̀gbọ́n mi, àpò wọn ló sì ṣe é sí. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ní ilé oúnjẹ àwọn ará Thailand làwọn ń lọ, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Àwọn tí mò ń bá ra ọjà nìyẹn! Ẹ jẹ́ ká lọ wo bí wọ́n ṣe ń sè é."

Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kọ́ ni wọ́n rò. Ìrẹsì funfun tó ń ta sánsán, tó rọ̀, tó ń dì mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan hóró rẹ̀, wọ́n ní ẹni tó sè é ti bà á jẹ́. Wọn kò mọ̀ pé bí àwọn ará Thailand ṣe ń jẹ ẹ́ nílẹ̀ wọn nìyẹn. Èyí tó ń wá bá wa nínú àpò, tí wọ́n ti bọ̀ nínú èèpo kí wọ́n tó bó o, tó máa ń dá dúró ní hóró hóró, àwa ni wọ́n ṣe é fún; àwọn fúnra wọn kì í sábà fẹnu kàn án. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wò mí títí: "Ohun tí wọn ò jẹ ni wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí wa?" Mo ní ọjà ni, Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí oníbàárà bá fẹ́ ni wọ́n ń tà fún un. Ẹni tó ti ta ìrẹsì pẹ́ tó yẹn kò nílò kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fídíò ló dé Ẹdẹ kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Ọmọ wa gbé e sí WhatsApp, sí ibi tí gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà rẹ̀ ti lè rí i, ó sì fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Èmi náà wò ó. Kò gùn rárá. Ẹ̀gbọ́n mi fa àwo súnmọ́ra, wọ́n wòtún wòsì bóyá wọ́n á rí omi ìṣanwọ́, wọn kò rí i. Wọ́n gbé ife omi tó wà níwájú wọn, wọ́n rọra da díẹ̀ sórí ìka wọn lórí àwo pẹlẹbẹ kan, wọ́n fi ìwé ìnuwọ́ nù ún, wọ́n wá ṣù ìrẹsì bọ ọbẹ̀. Ohùn ọmọ ni a gbọ́ lẹ́yìn fóònù, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á: "Màmá, ṣíbí wà níbẹ̀ o. Lọ́ńdọ̀nù la wà." Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè. Wọ́n rí fóònù tó dojú kọ wọ́n, wọ́n rò pé àwòrán ìrántí ni ọmọ ń yà. Wọ́n fi ọwọ́ òsì tún gèlè wọn ṣe, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Ibi tí wọ́n ti ń tún gèlè ṣe yẹn ni mo ti pa á. Àwọn mìíràn nínú agbo ilé wò ó léraléra.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọwọ́ kúrò nílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹjọ́ wà. Títí wọ inú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọwọ́ ni àwọn ará Thailand fi ń jẹun. Láti ààfin ọba wọn ni ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Títí di òní, ṣíbí ló ń lọ sẹ́nu. Iṣẹ́ fọ́ọ̀kì kò ju kó máa ti oúnjẹ sórí ṣíbí lọ, wọn kì í sì í gbé ọ̀bẹ sórí tábìlì nítorí pé inú ilé ìdáná ni wọ́n ti ń gé gbogbo ẹran wẹ́wẹ́. Ní ìhà ìlà-oòrùn àríwá ilẹ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní Isan, irú ìrẹsì kan wà tó ń lẹ̀ bí ìyán. Wọ́n á fi ìka ṣù ú, wọ́n á tọ́ ọ sínú ọbẹ̀, wọ́n á gbé e jù sẹ́nu. Àwọn ará Isan yìí náà ló ń fi odó àti ọmọ odó gún ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n pẹ̀lú ata, tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́. Ká ní àgbàlagbà Isan kan jókòó sí tábìlì kejì lọ́jọ́ náà, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kò ní pa á lẹ́rìn-ín.

Àmọ́ n kò fẹ́ ká tan ara wa. Ìrẹsì tí wọ́n gbé síwájú ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ti Isan, ṣíbí ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Wọn kò mọ̀, ó tán. Kò sí ibì kan tí a ti ń fi àìmọ̀ wọn ọmọlúàbí. Ẹni tó dé ilé onílé tí kò mọ ojú ọ̀nà, ẹni tó mú un wọlé ló ni ojú ọ̀nà náà. Ohun méjì ló wà níkàáwọ́ ọmọ wa: kó ní kí àwọn agbáwo bá òun bu omi wá nínú abọ́, tàbí kí òun náà ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ ìrẹsì. Bó bá jẹ́ pé èyí èkejì ló ṣe, àwọn méjèèjì ni yóò jọ máa jẹun, kò sì ní sí ẹni tí wọ́n ń wò. Dípò bẹ́ẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìn fóònù, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń wòran.

Èjìgbò kò jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ló ti gbé Abidjan rí tàbí ní ẹni tó ń gbé ibẹ̀, àwọn tó padà wálé sì kó oúnjẹ àwọn ará Ivory Coast dání. Àkèké, ọ̀kan nínú oúnjẹ náà, ń bẹ lọ́jà wọn bí gàrí ṣe ń bẹ lọ́jà wa. Ó dá mi lójú pé àwọn tó kọ́kọ́ dé Abidjan láyé ọjọ́un kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ló fi hàn wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi wọ́n ṣe, wọn kì bá tí gbé e wálé.

Mo ti ń bá ọmọ wí láti àárọ̀, ẹ jẹ́ ká yíjú sí àgbà.

Ọbẹ̀ tí wọ́n gbé wá, àwọ̀ ewé ni. Wàrà àgbọn ni wọ́n fi sè é, ata wà nínú rẹ̀ dáadáa, irú ata tiwa náà, torí láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata ti wá bá àwa àti àwọn. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ló gbé e kiri. Ewé kan tó jẹ́ ìbátan efinrin wà nínú rẹ̀, koríko ọba náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ òórùn efinrin, wọ́n gbọ́ òórùn koríko ọba, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ní: "Ta ló sọ fún wọn pé ibà ń ṣe mí?" Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò dúró síbẹ̀. Wọ́n ní ọbẹ̀ ń rùn. Omi ẹja tí àwọn ará Thailand máa ń fi iyọ̀ rẹ títí yóò fi kan, tí wọ́n fi ń se ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ wọn, òun ló ń rùn sí wọn nímú. Ìyá tó jẹ́ pé bó bá ṣí ìkòkò irú ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn aládùúgbò á mọ̀! Àti irú, àti omi ẹja yẹn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú ọbẹ̀: wọ́n ń rùn níta kí ọbẹ̀ lè dùn nínú.

Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá béèrè pẹ̀lú ẹ̀rín bóyá oúnjẹ náà dára. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín sí i padà, wọ́n sì fi Yorùbá sọ ohun kan nípa ojú àti imú rẹ̀ tí n kò ní kọ síbí. Ọmọbìnrin náà yíjú sí ọmọ wa, ó fẹ́ mọ ohun tí màmá wí. Ọmọ wa ní màmá ní ọbẹ̀ yín dùn, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ó tẹ orí ba fún ẹ̀gbọ́n mi, bí àwọn ará Thailand ṣe ń kí àgbà.

Lójú tèmi, èyí burú ju fídíò lọ ní apá kan. Sísọ̀rọ̀ èèyàn láìdáa lójú rẹ̀ ní èdè tí kò gbọ́, tí a sì ń rẹ́rìn-ín sí i, ìwà tí a máa ń bínú sí ni nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ṣe é sí wa. Ọmọbìnrin yẹn ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni. Ọjà ni ẹ̀gbọ́n mi náà ń tà, wọ́n mọ bó ṣe ń rí lára kí oníbàárà dúró níwájú ẹni kó máa fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni. Àwọn kan nínú ẹbí ní kò gbọ́, kò sì dùn ún. Ta ló ní ohun tó dun ẹlòmíràn nìkan ni ọmọlúàbí ń ṣọ́ra fún?

Irọ́ tí ọmọ wa pa ńkọ́? Òtítọ́ wà lára ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí, mo mọ̀. Bí mo bá wà níbẹ̀, bóyá n ò ní rí ọ̀rọ̀ tó yá tó bẹ́ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ọmọ yìí bo àṣírí àbúrò bàbá rẹ̀ lójú àjèjì, ó sì gba ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ ọgbẹ́. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyí: ẹni tó mọ bí a ti ń bo àṣírí tó báyìí, kí ló ṣe tó fi jẹ́ pé ojú ẹbí ló ti lọ tú u? Mo rò pé nítorí pé ó rí ojú ọmọbìnrin náà ni. Kò rí ojú àwọn tó máa wo fídíò. Ẹni tó wà lẹ́yìn fóònù rò pé fóònù nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Ní ìdí àwo tí a ti kọ́ wa, gbogbo ojú ló wà níbẹ̀, ẹ̀rín kò lè ṣèèṣì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọn kò rín in fún.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé owó wá, ẹ̀gbọ́n mi bi ọmọ léèrè iye tó jẹ́. Ó sọ ọ́. Àṣìṣe kìíní nìyẹn, torí kò sí ará Ẹdẹ tó ń gbọ́ pọ́n-ùn tí kì í sọ ọ́ di náírà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n ka iye àpò ìrẹsì tí yóò rà, ọbẹ̀ tó kù lẹ́nu wọn kò sì wọlé mọ́. Wọ́n tú etí ìró, wọ́n mú owó tí wọ́n dì síbẹ̀ jáde pé kí àwọn náà dá sí i. Ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ó ní "Màmá, ẹ ká a padà o," ó ti ọwọ́ wọn sẹ́yìn níṣojú gbogbo èèyàn. Ní Thailand, àgbà tó wà lórí tábìlì ló sábà máa ń sanwó. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó peni jáde ló ń náwó, ọmọ sì ni. Kò sẹ́ni tó lè bá a jà lórí ìyẹn. Síbẹ̀ mo sọ ọ́ nínú ìpàdé ẹbí, mo sì dúró lórí rẹ̀, pé ó yẹ kó gba ohun kan lọ́wọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kó ní kí wọ́n fi èyí tó kéré jù níbẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ. Àgbà tí kò lè fún ọmọ ní nǹkan kan mọ́, tó jẹ́ pé gbígbà ni tirẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ náà ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láìmọ̀. Olórí ẹbí kò gbà fún mi. Wọ́n ní bí ó bá gbà á, àwa kan náà la ó tún sọ pé ó mú ìyá arúgbó lọ Lọ́ńdọ̀nù kó lọ san owó oúnjẹ. Bóyá. A kò tíì parí èyí.

Ìtàn kan wà nínú Ifá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé nínú ohun tó kọ lórí ìwàpẹ̀lẹ́ ní 1975: Ìwà jẹ́ obìnrin, Ọ̀rúnmìlà ló fẹ́ ẹ. Ìṣesí rẹ̀ kò tẹ́ Ọ̀rúnmìlà lọ́rùn, ó lé e lọ. Nígbà tó yá, ilé Ọ̀rúnmìlà kò rójú mọ́, ló bá tún ń wá a kiri. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó ń wá ọmọlúàbí nínú bí ẹnì kejì rẹ̀ ṣe di ṣíbí mú ti ń lé Ìwà jáde nílé nìyẹn, torí pé kò fẹ́ràn bó ṣe ń jókòó.

Ohun tó wá ká mi lára jù kò ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rárá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n gbàdúrà fún un bó ti yẹ kí ìyá gbàdúrà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún kí i pé ó ṣeun àná. Ọmọ sọ èyí fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Ẹdẹ, wọ́n jókòó sí àgbàlá, wọ́n ń sọ fún àwọn ìyàwó ilé pé àgbo ibà ni wọ́n gbé fún àwọn nínú abọ́ olówó iyebíye, pé gàrí làwọn lọ mu nígbà tí àwọn dé yàrá, pé ọmọ náà ti di òyìnbó tí kò mọ ohun tí èèyàn ń jẹ mọ́. Wọ́n sín ìrìn ọmọ náà jẹ, wọ́n sín ohùn rẹ̀ jẹ. Ẹ̀rín pọ̀. Kí wọ́n tó mọ̀ pé fídíò kan wà, ìtàn àgbo ibà ti dé Ọjà Tìmì. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, a ní ó dà bí ọlọ́ṣà tó kó ni lẹ́rù lọ. Ẹni tó dúpẹ́ lójú, tó wá sọ oore náà di àwàdà lẹ́yìn, a kò tíì ní òwe tirẹ̀, àfi ká wá a.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹjọ́ fídíò wá síwájú ẹbí, tí wọ́n ń sunkún pé ọmọ fi àwọn ṣẹ̀sín, mo bi wọ́n léèrè pé èwo ló yàtọ̀ nínú ti ọmọ àti ti àwọn. Ọmọ fi fóònù sọ ọ́, àwọn fi ẹnu sọ ọ́. Wọ́n bínú sí mi. Wọ́n ní kí ni àwọn ará Thailand tilẹ̀ mọ̀ nípa oúnjẹ tí mo fi ń gbèjà wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ fún wọn: Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé, àmọ́ Thailand ló ń tà á sókè òkun jù. Nígbà tí kòkòrò funfun kan bo oko ẹ̀gẹ́ wọn mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2009, ọ̀dọ̀ àwa ará Áfíríkà ni wọ́n wá. Irú kòkòrò yìí kan náà ti ba ẹ̀gẹ́ Áfíríkà jẹ́ ṣáájú, àwọn onímọ̀ IITA, àjọ tó ń ṣe ìwádìí nípa ọ̀gbìn, sì ti lọ wá agbọ́n kékeré kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà tó ń pa á. Láti ibùdó IITA tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti kó agbọ́n náà fún àwọn ará Thailand, wọ́n tú u sóko, ẹ̀gẹ́ wọn sì là.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé láti ọ̀dọ̀ tiwa ni agbọ́n wọn ti wá? A jẹ́ pé wọ́n jẹ wá ní àpò ìrẹsì kan."

A pe ọmọ lórí fóònù, a tan ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ó ní òun ti dọ̀bálẹ̀ níbi tí òun wà. Ẹ̀gbọ́n mi pe oríkì rẹ̀, wọ́n ní kó dìde, ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù tutù. Ó ní òun ti pa fídíò náà rẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n ní èwo ni kó pa á rẹ́, gèlè yẹn jókòó sí wọn lórí dáadáa. Kó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn nìkan, kó yọ ohùn kúrò. Ọmọ ní òun á wá a. Wọ́n bi í bóyá ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ ṣì wà níbẹ̀, ó ní ó wà. Wọ́n ní bó bá tún lọ, kó bá àwọn kí i, kó má sì sọ fún un pé àwọn ló ní kó kí i.

Ó ku ẹyọ ohun kan tí mo bẹ̀ wọ́n: àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àgbo ibà fún, kí wọ́n padà sọ fún wọn pé ọmọ yìí fi owó iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ ṣe àwọn lálejò. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, wọn kò tíì sọ ọ́.